Ṣé Sáńwíìṣì Subway, Greggs àti Pret Tó Owó Tí À Ń San Lé E?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí wa. Ìbàdàn ni wọ́n ti bí mi, ẹ̀kọ́ ló gbé mi wá sí Leeds, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní wéháòsì ní ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kì í gbé oúnjẹ wá látilé. Bó bá ti di àkókò ìsinmi, ó di Subway, Greggs tàbí Pret, èmi náà a sì tẹ̀ lé wọn. Bí mo bá ra sáńwíìṣì àti ohun mímu, ó máa ń tó pọ́un mẹ́jọ, síbẹ̀ ebi á tún ti máa pa mí kí ilẹ̀ tó ṣú. Màmá mi ní kí n yé fi owó ra afẹ́fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé oúnjẹ wà nínú nǹkan wọ̀nyí, àbí orúkọ lásán là ń jẹ?

Àbúrò mi, o kú ìrọ́jú. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún ọ ní ìdáhùn kúkúrú kí n tó máa tú u wẹ́wẹ́: oúnjẹ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú pọ́un mẹ́jọ yẹn kì í ṣe owó oúnjẹ. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ní ṣọ́ọ̀bù tó dáa, ní wákàtí tó dáa, ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kò tó bẹ́ẹ̀ o.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi dúró lẹ́yìn káńtà ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù sáńwíìṣì tó ní ẹ̀ka káàkiri wọ̀nyí ní gúúsù London, kí n tó bọ́ sídìí iṣẹ́ tí mo ń ṣe báyìí, ìyẹn kíkọ́ àwọn olóúnjẹ ní ìmọ́tótó. Ohun tí ọwọ́ mi ti ṣe ni mo fẹ́ sọ.

Orí búrẹ́dì ni ká ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló pọ̀ jù nínú ohun tí o rà. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí la máa ń ṣílẹ̀kùn. Kí n tó bọ́ kóòtù, mo ti máa ń yọjú sínú fíríìjì tí a kó fùláwà pípò sí láti alẹ́ àná. Inú páálí ló ti ń bọ̀, láti ilé iṣẹ́ ńlá kan tí n kò fojú rí rí, ó dì gbagidi bí igi ìdáná. Tó bá fi máa di ìdájí, ó ti rọ̀. A ó fi ọ̀bẹ fín in lára, a ó kó o sínú àpótí olóoru kó lè wú, lẹ́yìn náà ó di inú ààrò. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n sì gbé ààrò yẹn sí, kì í ṣe pé ẹ̀yìn kò láyè. Tí òórùn rẹ̀ bá ti ń ta sánsán dé ibi tí àwọn èèyàn ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, a kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pe oníbàárà.

Nítorí náà, tí wọ́n bá ní ojoojúmọ́ làwọn ń yan búrẹ́dì, wọn ò purọ́. Àmọ́ yíyan ni wọ́n ń yan, ẹlòmíì ló pò ó. Irú búrẹ́dì bẹ́ẹ̀, wákàtí bíi mẹ́rin sí márùn-ún ló fi ń dùn. Èyí tí a yan ní aago mẹ́fà àárọ̀, tó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó ti ń gan. Wọ́n á wá bi ọ́ bóyá o fẹ́ kí wọ́n tún un gbóná. Ìgbóná yẹn máa ń bo ọ̀pọ̀ àṣírí. Bí o bá dé Subway, bi wọ́n léèrè, kí o rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, pé èwo ni wọ́n yan kẹ́yìn. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n á sì fún ọ.

Búrẹ́dì yìí kan náà ló dé ilé ẹjọ́ ní Ireland. Ọ̀gá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù Subway níbẹ̀ ń bá àwọn agbowó orí fa ọ̀rọ̀ pé oúnjẹ òòjọ́ ni sáńwíìṣì gbígbóná òun, kò yẹ kí òun san VAT lé e. Ní 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lórílẹ̀-èdè náà dá a lẹ́bi. Òfin wọn ni pé ṣúgà kò gbọdọ̀ ju ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n fùláwà lọ kí búrẹ́dì tó lè wọ ẹgbẹ́ oúnjẹ òòjọ́, ti Subway sì jẹ́ ìdá 10. Kíá, gbogbo ayé ti ń pariwo pé kéèkì ni Subway ń tà. Adájọ́ ò sọ bẹ́ẹ̀ o, ọ̀rọ̀ owó orí ni. Kí n má sì purọ́, àwa tí a fi búrẹ́dì Agége dàgbà kọ́ ló yẹ ká máa fi ṣúgà bú ẹlòmíì. Èyí tí wọ́n fi ń jẹ ẹ̀wà agànyìn ní Mushin, ṣé iyọ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀ ni? Ohun tó yẹ kí o mú níbẹ̀ ni pé búrẹ́dì funfun, tó múlọ́, tó ní ṣúgà, tí wọ́n ti bó èèpo ọkà kúrò lára fùláwà rẹ̀, kì í pẹ́ nínú ikùn. Ìdí rèé tí ebi fi ń pa ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Màmá rẹ kò jìnnà sí òótọ́.

Ohun tó wà láàárín búrẹ́dì ńkọ́? Kíkà ni wọ́n ń kà á. Lára ògiri, lókè ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìwé kan wà tó ní àwòrán sáńwíìṣì kọ̀ọ̀kan àti iye ègé ẹran tó gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Tòmátì náà ní iye. Wọ́n kọ́ wa pé ká má tẹ́ ham, ìyẹn ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n gé pẹlẹbẹ, sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ká ká a díẹ̀díẹ̀ kó lè gbé ara sókè, kí ojú oníbàárà lè kún. Èyí tí wọ́n dì sínú páálí onígun mẹ́ta nínú súpámákẹ́ẹ̀tì tún wá burú ju tiwa lọ. Gbé ọ̀kan dání, kí o wo ojú ibi tí wọ́n ti gé e: ẹyin kún dẹ́múdẹ́mú. Ṣí i wò láti ẹ̀yìn, lọ́hùn-ún ní igun, wàá rí i tí búrẹ́dì ń fẹnu ko búrẹ́dì. Àárín ni wọ́n ń kó gbogbo nǹkan jọ sí, torí àárín ni ọ̀bẹ máa gbà kọjá.

Lórí ariwo ẹ̀rọ ayélujára, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Kẹ́míkà inú búrẹ́dì tí wọ́n ní wọ́n fi ń ṣe ẹní eré ìdárayá, azodicarbonamide lorúkọ rẹ̀, ti Amẹ́ríkà ni. Subway yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ ní 2014, òfin Britain ò sì fàyè gbà á nínú oúnjẹ rárá. Ẹjọ́ pé ẹja tuna wọn kì í ṣe tuna, California ni wọ́n ti pè é ní 2021, wọ́n sì tì í pa ní 2023 láìsí ẹ̀bi kankan. Má fi ìyẹn da ara rẹ láàmú.

Èyí tó yẹ kó kàn ọ́ ni ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tí o wọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ibi tí wọ́n bá ti rí orúkọ kan náà, nǹkan kan náà ni wọ́n máa jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fred DeLuca, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ló dá Subway sílẹ̀ ní 1965 ní Bridgeport, ní Connecticut, ó ń wá owó ilé ìwé. Ọ̀rẹ́ ìdílé wọn kan, Dókítà Peter Buck, ló yá a ní 1,000 dọ́là. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé títa orúkọ rọrùn ju títa búrẹ́dì lọ. Títí dòní, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ṣọ́ọ̀bù Subway tí o bá rí, ẹnì kan tàbí ìdílé kan ló ra ẹ̀tọ́ láti lo orúkọ náà. Ní Amẹ́ríkà, ìdá 8 nínú 100 gbogbo ohun tó bá tà ló ń san fún orúkọ, ìdá 4 àbọ̀ tún lọ fún ìpolówó. Inú ohun tó wọlé ni wọ́n ti ń yọ ọ́, kì í ṣe inú èrè. Nínú 100 dọ́là, 12 dọ́là àbọ̀ ti fò lọ kí wọ́n tó san owó ilé, owó iná, owó òṣìṣẹ́. Bí ọjà bá wá dùn, ọ̀gá á máa ju létúùsì tó ti rọ nù. Bí ọjà ò bá dùn, létúùsì yẹn náà ni wàá jẹ. Ìdí nìyẹn tí Subway kan fi lè dáa gan-an, kí èyí tó wà ní òpópónà kejì má ṣe é fún ajá.

Greggs yàtọ̀. John Gregg ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Newcastle ní 1939, ó ń gun kẹ̀kẹ́ kiri láti fi ẹyin àti yíìsì jíṣẹ́ fún àwọn ìyàwó ilé. 1951 ló ṣí ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ní Gosforth. Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun náà ló ń ṣe sọ́séèjì róòlù rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kàn ń yan án ni. Ẹni tó bá ti fi Gala àti La Casera pa ebi nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó, kò nílò kí n ṣàlàyé ohun tí sọ́séèjì róòlù jẹ́ fún un. Ti Greggs gbóná, ó sì ń fọ́ wẹ́wẹ́ sí èèyàn láyà, ìyẹn nìkan ni ìyàtọ̀. Pret A Manger, tí Julian Metcalfe àti Sinclair Beecham gbé dìde ní London ní 1986, ní ilé ìdáná nínú ṣọ́ọ̀bù, àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n sì ń ṣe sáńwíìṣì tí wọ́n ń tà. Owó rẹ̀ ga, àmọ́ o lè fojú rí ibi tí owó náà lọ.

Jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ojú mi rí. Ní ṣọ́ọ̀bù kan tí n kò ní dárúkọ, gbogbo ike adìyẹ, ẹyin àti tuna ló ní bébà kékeré lára tó sọ ọjọ́ àti wákàtí tí a gbọ́dọ̀ dà á nù. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo bá máníjà wa lẹ́yìn, ó ń fi èékánná yọ bébà àná kúrò lára ike adìyẹ, ó ń lẹ ti òní mọ́ ọn. Ó rí mi, ó ní, "Adìyẹ yìí ò tíì ṣe nǹkan kan." Bóyá lóòótọ́ ni kò tíì ṣe nǹkan kan. Èmi ò jẹ adìyẹ níbẹ̀ mọ́ títí mo fi kúrò. Orúkọ ńlá tó wà lókè ilẹ̀kùn kò mọ ohun tí ọkùnrin yẹn ń fi èékánná ṣe.

Ohun tó lè ràn ọ́ lọ́wọ́ ni àwọn wolé-wolé. Wọ́n wà níbí náà. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ni wọ́n ń bẹ̀ wò, wọ́n á sì fún un ní máàkì láti òdo dé 5. Ní Wales àti Northern Ireland, dandan ni kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ní England níbi tí o wà, kì í ṣe dandan. Ẹni tó bá gba 5 ló máa ń lẹ tirẹ̀ gàdàgbà. Ẹni tó gba 2 á ní bébà náà ti já bọ́. Wá orúkọ àti àdúgbò ṣọ́ọ̀bù náà lórí ìkànnì Food Standards Agency, wàá rí i láàárín ìṣẹ́jú kan. Èmi kì í jẹun níbi tí wọ́n ti gba ohun tó kéré sí 4, ó báà jẹ́ ilé ọba.

Ọ̀rọ̀ fíríìjì tún wà níbẹ̀. Òfin England ni pé oúnjẹ tútù tó lè bàjẹ́ kò gbọdọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 8 Sẹ́ńtígíréèdì lọ, èyí tó gbóná kò sì gbọdọ̀ tutù ju 63 lọ. Ó dáa fún ẹran, kò dáa fún búrẹ́dì. Kò sí ibi tí búrẹ́dì ti ń yára gan tó inú fíríìjì. Otútù a sì tún dín adùn kù lẹ́nu, èyí tó ń mú kí ẹni tó ń sè é fi iyọ̀ àti mayonnaise gbá a. Sáńwíìṣì oníke tí o bá rà, yọ ọ́ síta bí ogún ìṣẹ́jú kí o tó jẹ ẹ́. Wàá rò pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ ni.

Iyọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí o ṣọ́ra fún jù, torí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe àlejò nínú ìdílé wa. Gíráàmù 6 ni wọ́n ní kí àgbàlagbà má jẹ jù lójúmọ́ ní Britain, kò ju ṣíbí tíì kan lọ. Iyọ̀ wà nínú búrẹ́dì, ó wà nínú ham, ó wà nínú wàràkàṣì, ó wà nínú ọbẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sórí rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kò pọ̀, àpapọ̀ wọn ló ń pa èèyàn. Ham, bacon, salami àti pepperoni, àwọn ẹran tí wọ́n ti fi iyọ̀ tàbí èéfín tọ́jú, tún ní ẹjọ́ mìíràn. Ní 2015, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kà wọ́n mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ ìfun. Wọ́n ní gíráàmù 50 lójoojúmọ́ ń fi ìdá 18 nínú 100 kún ewu tó ti wà lára èèyàn tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe pé tí o bá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan wàá kú. Lójoojúmọ́ ni wọ́n sọ. Nítorí náà, tí o bá wọ Subway, adìyẹ yíyan ni kí o mú, kí o ní kí wọ́n fi gbogbo ẹ̀fọ́ tó wà níbẹ̀ sí i, ọ̀fẹ́ ni. Ọbẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo. Ojú kì í tì mí láti sọ pé kí wọ́n tún fi kún ẹ̀fọ́, kí ó má ti ìwọ náà.

Tí o bá jẹ́ Mùsùlùmí, àwọn ẹ̀ka Subway kan ní Britain jẹ́ halal, wọ́n sì ń fi tòlótòló rọ́pò ham níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn, wo ẹnu ọ̀nà.

Ibì kan wà tí mo ti ń gbèjà wọn láìbẹ̀rù: ọ̀rọ̀ ẹni tí oúnjẹ kan kì í bá lára mu. Ọmọdébìnrin kan, Natasha lorúkọ rẹ̀, kú ní 2016 lẹ́yìn tó jẹ búrẹ́dì Pret tó ní yànmọ̀tí (sesame), tí wọn ò kọ yànmọ̀tí sára rẹ̀. Ikú rẹ̀ ló bí Òfin Natasha. Láti oṣù kẹwàá 2021, ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe tí wọ́n sì dì sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ ní gbogbo èròjà rẹ̀ lára, kí wọ́n sì mú ojú ẹni lọ sára àwọn 14 tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀: ẹ̀pà, yànmọ̀tí, ẹyin, wàrà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ̀pà bá jẹ́ ọ̀tá ara rẹ, ṣọ́ọ̀bù ńlá tí ń kọ nǹkan sílẹ̀ sàn ju èyí tí wọ́n á ti sọ fún ọ pé "kò sí nǹkan kan níbẹ̀" lọ.

Ọgbọ́n owó kan rèé. Tí o bá ra sáńwíìṣì tútù ní Pret tí o gbé e jáde, kò sí VAT lórí rẹ̀. Tí o bá jókòó síbẹ̀ jẹ ẹ́, VAT ìdá 20 nínú 100 ti wọ ọ̀rọ̀. Ìdí tí iye méjì fi máa ń wà lára ohun kan náà nìyẹn. Èyí tí wọ́n bá gbé gbóná fún ọ náà ní VAT. Sọ́séèjì róòlù Greggs tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ààrò jáde, tí wọ́n fi sílẹ̀ kó máa tutù fúnra rẹ̀, kò ní in. Ìjọba gbìyànjú láti fọwọ́ kan ìyẹn ní 2012, àwọn ará ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wọ́n jẹ, wọ́n sá padà.

Ó kù sọ́wọ́ ìwọ alára. Pọ́un mẹ́jọ lọ́nà mẹ́ta jẹ́ pọ́un 24 lọ́sẹ̀, ó ti ń lọ sí 100 lóṣù. Ọjọ́ méjì nínú mẹ́ta, gbé tìrẹ látilé. Búrẹ́dì aláwọ̀ igi, èyí tí èèpo ọkà ṣì wà lára rẹ̀, sàdíìnì Titus kan láti ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa, àlùbọ́sà, ata rodo díẹ̀, ẹyin sísè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fi bọ́tà ra ojú búrẹ́dì méjèèjì dé etí, ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ń ṣe nìyẹn, kí omi inú sàdíìnì má baà rin ín. Tòmátì, inú ọ̀rá tirẹ̀ ni kó wà, ìgbà tí o bá fẹ́ jẹun ni kí o tó gé e. Ọjọ́ kẹta, tó bá ti rẹ̀ ọ́ débi pé o kò lè dá iná, bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lọ sí Greggs, kí o má sì jẹ́ kó tutù kí o tó jẹ ẹ́.